Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kàn Mí Lórí Ìgò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Bí òórùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bá ta sí mi nímú, mo máa ń rántí ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn mí.

Kò sí ẹni tó mọ ọtí í dà bí ìyá mi. Yóò dẹ igbá, yóò tẹ ìgò díẹ̀díẹ̀, yóò sì dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ tó jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan láti Òkèhò wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bàbá mi sì ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo gbé ìgò wá. Mo gbé e mọ́ àyà, n kò jẹ́ kí ó mì. Ìyá mi gbà á, ó da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igbá àlejò dúdú bí omi ẹrẹ̀.

"Ìyá ìyàwó, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lẹ pè mí ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ yìí ló mì ín!" Ó gbá mi létí.

Àlejò gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi kò rí ọ̀nà mìíràn gbà kọ̀ fún bàbá mi.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ìyá mi da ìgò mìíràn fún mi, ó mọ́ gaara.

"Ẹlẹ́bi lo ń kẹ́ báyìí?" ni bàbá mi wí.

"Ó tọ́ sí i, baálé mi."

Ìdáláre kan ṣoṣo tí mo rí gbà nìyẹn.