Ọwọ́ Lára Pẹpẹ

Bí mo bá gbóòórùn turari, ọ̀sán Sunday kan ní Thamesmead, ní London, ni mo máa ń rántí. Wọ́ọ̀háùsì ni ìjọ wa ń lò, ẹnu ọ̀nà la sì ti ń bọ́ bàtà. Uncle kan sáré wọlé tòun ti bàtà, ó di pẹpẹ mú.

"Baba, ẹ gbà mí, kò mí mọ́."

Wòlíì bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ṣèèṣì ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀?"

Uncle tún di pẹpẹ mú pinpin. Wòlíì tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára pẹpẹ, wọ́n mú un jáde. Mo rò pé nítorí bàtà ni. Mo ti dàgbà kí n tó kà á nínú òfin Mósè pé níbi pẹpẹ pàápàá, kí wọ́n mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn lọ pa.

Lọ́jọ́ yẹn, Mummy kúnlẹ̀, wọ́n ń nu ibi tí bàtà Uncle tẹ̀. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn pọ́n.