Àwọn Jẹ́sì Orí Okùn

Ìyàwó mi ló fẹ́ràn àwọn fíìmù tó ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ nígbà tó wà láyé. Èmi nìkan ló ń wò wọ́n báyìí. Lánàá, wọ́n fi jẹ́sì ẹgbẹ́ kan tó ti túká hàn, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, òórùn ọṣẹ sì kún imú mi.

Mo rí bàbá mi lẹ́yìnkùlé wa ní Lagos Town, ní Accra, lọ́sàn-án Sátidé kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa sílẹ̀, kí wọ́n lè na àwọn ará Nima, àdúgbò tó múlé gbè wá, nínú bọ́ọ̀lù. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ọpọ́n, ó ń fọ àwọn jẹ́sì tó rà ní ọjà Odawna. Ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sódì kó tó sá a, kí oòrùn má bàa pa nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́.

Aládùúgbò wa kan tó ń ṣe ti Nima yọjú lórí ògiri, ó fi Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, pe bàbá mi.

"Páàpá Alata! Ṣé ẹ ti di alágbàfọ̀ ni?"

Bàbá mi tún ki jẹ́sì mìíràn bọ inú omi.

Màmá mi rọra sọ pé, "Bàbá Kúnlé, ta lẹ ń fọ̀ wọ́n fún?"

"Bí àwọn ọmọ náà bá dé lọ́la ńkọ́? Ṣé aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n máa wọ̀?"

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí wọn. Lẹ́yìn mi, atẹ́gùn wọnú àwọn jẹ́sì náà, wọ́n ń wú, wọ́n ń rọ̀, bí àyà ẹni tó ń mí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ti túká ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo fọ bùbá ìyàwó mi. Mo yí i sódì kí n tó sá a.