Ọlidé tí Sùlàímọ́nù Fi Kọ́ Àníọlá Nílé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkùnrin ò lè dá tọ́ ọmọbìnrin, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dé ilé Bàbá Májẹ́kódùnmí ní Agbowó rí. Bí ẹ bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá kejì lápá òsì ni Sùlàímọ́nù àti ọmọ rẹ̀, Àníọlá, ń gbé. Ọmọ Ìgbòho ni Sùlàímọ́nù. Ó ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́: òun ló ń gé igbó, tó ń fa téèpù, tó ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Àníọlá nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo ẹbí ti ń dúró kí Sùlàímọ́nù jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ yìí ju òun lọ. Ó di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wà lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ á ti máa ro wọ́n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àmúdàtù, tó ń gbé ní Àpáta. Aláàánú èèyàn ni o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àánú tiẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí ilé ìwé gba ọlidé gígùn, tí èsì ìdánwò Àníọlá dé, tí ìṣirò inú rẹ̀ pupa, tí olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọmọ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́, fóònù Sùlàímọ́nù dún kó tó ka ìwé náà tán.

"Súlè, mú ọmọ yẹn wá fún mi. Lẹ́sìn kan wà lẹ́yìn ilé wa níbí, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá sì wọlé padà, kó kúkú máa gbé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ń di obìnrin. Kí lo mọ̀ nípa ìyẹn?"

"Èmi ni màá kọ́ ọ, Àǹtí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

"Ìwọ tó o fi ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tíríì?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Mo ń bọ̀ níparí oṣù kẹjọ. Bí mi ò bá rí ohun tó kọ́, màá mú un lọ, o ò sì ní bá mi jà."

Sùlàímọ́nù gbà. Inú ló bí i tó fi gbà, nítorí kò mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àníọlá náà ò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe àgbà. Bí o bá ní kó wá, á ní ó rẹ òun. Bí o bá fi í sílẹ̀, á ní o ò fẹ́ràn òun. Fóònù baba rẹ̀ ló dojú kọ lórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Sùlàímọ́nù ṣí ìwé ìṣirò, ọmọ náà dojú délẹ̀. Ó pa ìwé náà dé. Ó wo yàrá yíká, kò rí ohun èlò kankan àfi téèpù iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìṣó.

"Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yìí gùn ju ogún mítà lọ," ló wí. "Bó o bá ní irọ́ ni, wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá jẹbi ló máa fọ abọ́ fún ọjọ́ méjì."

Ọmọ wo ni wọ́n máa sọ fún pé baba rẹ̀ lè jẹbi tí kò ní dìde? Mítà méjìdínlógún ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Sùlàímọ́nù fọ abọ́ níta gbangba, níbi tí gbogbo ilé ti ń wò ó, ọmọ rẹ̀ sì jókòó lórí àga, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí kò mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Àníọlá ò wọ̀n tán. Ó wọn ẹnu kànga, ó wọn fèrèsé, ó wọn ẹsẹ̀ Bàbá Májẹ́kódùnmí nígbà tí bàbá ń sùn lórí àga. Wọ́n gbé ike ọ̀dà òfìfo síta. Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń fi rúlà wo iye òjò tó rọ̀, tó ń kọ ọ́ sára ògiri yàrá wọn. Ìdá tó ń dà á láàmù nílé ìwé, búrẹ́dì ni baba rẹ̀ fi kọ́ ọ. "Gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún mi." Bó bá gbà á, òun ló ni ín, bó bá ṣì í, baba rẹ̀ á jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, á sì fi tíì lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Sùlàímọ́nù ò rí búrẹ́dì jẹ mọ́ nílé ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta ló wá ṣe àṣìṣe. Ó rántí àtẹ kan tó rí ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀, tí wọ́n fi iye ilé hàn ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Àníọlá ya irú rẹ̀ fún ilé wọn sára páálí: kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kó sì máa lẹ ìdérí ìgò mínírà kan mọ́ ọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀.

"Lọ láti yàrá dé yàrá. Bi wọ́n pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ní?'"

Ẹnu ọmọ Ìgbòho ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa. Ó mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ó fún ọmọ ní gọ́ọ̀mù, ó sì lọ fọ aṣọ.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ìyá Olúrótìmí ní, "Wọ́n pọ̀," ó pa ilẹ̀kùn dé, ṣùgbọ́n Àníọlá ní ojú, ó lẹ mẹ́rin. Ìyá Ayọ̀mikún, tó ń tún ọ́fíìsì kan ṣe ní Onírèké, ní mẹ́ta. Ó lẹ mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, àtẹ náà ti wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dán yinrin.

Ní ọjọ́ Àìkú, ara Olúrótìmí gbóná. Ní ọjọ́ Ajé, ibà mú àbúrò rẹ̀. Omi ti dúró nínú gọ́tà ẹ̀yìn yàrá wọn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọn ibẹ̀ sì tó láti gbé ènìyàn. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájúmọ́ alápepe, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ilé ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní páálí ló fà á. Ìyá Olúrótìmí fúnra rẹ̀ ló pe Àmúdàtù ní Àpáta.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Àmúdàtù mọ̀ ọ́n, kò sì mú ojú bọ̀rọ̀ wá. Àpò òfìfo ńlá kan ló mú dání nígbà tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo ilé ti pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Súlè, ọ̀rọ̀ méjì ni," ni Bàbá Májẹ́kódùnmí wí, tó ni ilé. "Yọ páálí yẹn. Kí ọmọ náà sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ."

"Ọmọ tó ní ìyá nílé ò ní béèrè irú ẹ̀," ni Ìyá Olúrótìmí fi kún un.

Àníọlá wo ilẹ̀. Sùlàímọ́nù rí i, ó sì dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ fi ìbínú bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Olúrótìmí.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo rán an, ọmọ ò mọ̀. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ ní àlàáfíà." Ó dìde, ó yọ ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ìlà wọn, ó kó wọn lé obìnrin náà lọ́wọ́. "Ẹlòmíì tí kò bá fẹ́ kó wí, màá yọ tiẹ̀."

"Yọ gbogbo rẹ̀," ni Bàbá Májẹ́kódùnmí wí. "Ọmọ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Wo ti Ìyá Ayọ̀mikún. Ọmọ méjì ló wà ní yàrá wọn, ó lẹ mẹ́ta." Bàbá ò fura pé òun náà ti ń ka ọmọ ọlọ́mọ báyìí.

Gbogbo ilé mọ ẹni kẹta. Ìgbà ọyẹ́ ni Tómilọ́lá kú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Sùlàímọ́nù na ọwọ́ sí ìdérí náà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Ayọ̀mikún wí. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ilé. "Ó bi mí, mo ní mẹ́ta. Kò bi mí pé, ṣé kì í ṣe méjì ni? Ó lẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣàánú mi ni gbogbo yín ṣe dákẹ́, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo bí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta mi wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Bàbá Májẹ́kódùnmí ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àmúdàtù fi etí gèlè nu ojú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ wá.

"Mo ti gbọ́. Ìyẹn ò sọ pé ọmọ yìí mọ ìṣirò. Àníọlá, wá síbí. Kí lo kọ́?"

"Má dá wọn lóhùn," ni Sùlàímọ́nù wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo gbà fún yín lọ́jọ́sí, mi ò gbà mọ́. Kò ní ṣe ìdánwò kí n tó lè máa jẹ́ baba rẹ̀."

"O dá àdéhùn."

"Mo dá a."

Ó gbé ìka lé ìlà yàrá kejì lápá òsì. Ìdérí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni. Ọlọ́mọ ló ń ka tiẹ̀. Ọ̀kan ni mo ní. Bẹ́ ẹ bá mú un lọ sí Àpáta, Àǹtí, ẹ ṣírò ẹ̀ fún mi: ó ku mélòó?"

Àmúdàtù ká àpò òfìfo rẹ̀, ó fi í sí abẹ́ apá, ó sì ní kí Àníọlá lọ bu omi wá fún òun mu.