Ìkòkò Èédú Tí Wọ́n Bá Mi Fọ̀

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn èèpo ekùrọ́ tó ń jó, ẹ̀yìn láàbù wa ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ. Òórùn àdín tó ta síná ni, ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun. Tí mo bá wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó jókòó tì mí á máa yínmú. Ìwọ náà kúkú rántí bí ìlú ṣe le nígbà yẹn: iná lè má yọjú fún ọjọ́ mẹ́rin, epo jẹnẹrétọ̀ ti di góòlù, àwa sì ní à ń ṣe ìwádìí.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá wa gbé lé mi lọ́wọ́ rọrùn lẹ́nu. Màá jó èèpo náà di èédú nínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, màá lọ̀ ọ́ kúnná títí ojú lásán ò fi ní rí ẹyọ rẹ̀ mọ́, màá pò ó mọ́ ohun kan tó rí bí àtè tí a yọ lára èèpo edé, màá wá jẹ́ kó dì nínú firísà kí n tó fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ohun tó bá kù á rí bíi fóòmù inú tìmùtìmù. Tí wọ́n bá fi bo ojú egbò, ẹran ara tuntun á máa gba inú ihò rẹ̀ gòkè bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá. Ara eku la máa kọ́kọ́ dán an wò, ọdún púpọ̀ á sì lọ kó tó kan èèyàn. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìtọ̀ ṣúgà dá egbò sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá mi ní Oǹdó. Dókítà ní kí wọ́n gé àtàǹpàkò náà kó má baà ràn, ó kọ̀. Ó ní ọmọ òun ń ṣe oògùn rẹ̀ ní yunifásítì. Gbogbo Sátidé tí mo bá ń fọ egbò náà, á bi mí pé, "Èédú rẹ ti jinná?" Èmi náà á ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Kí n má purọ́, bó ṣe ń fi mí yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ èyí tó dára jù nínú gbogbo èédú tí mo ti ṣe. Mo pò ó mọ́ omi nínú ìkòkò dígí mẹ́fà, mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n dorí kodò lórí aṣọ funfun, wọ́n ń dán. Ìyá tó ń tọ́jú láàbù dúró tì wọ́n, ọmọ Àkúrẹ́ tó kórìíra ìdọ̀tí ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

"Mo bá ọ fọ àwọn ìkòkò tó jóná yẹn," ló wí. "Eérú àti kànìnkànìn ni mo fi há wọn."

"Ìyá, iṣẹ́ mi lẹ dànù."

"Èédú ni mo dànù, ọmọ mi. Uṣẹ́ kọ́ nìyẹn."

Wọ́n ti kọ́ obìnrin yìí láti kékeré pé ìkòkò tó bá dúdú, fífọ̀ ni. Èmi náà ò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Ta ló ń kọ "má fọ̀" sára ìkòkò? Mo bínú sí i, mo bínú síná, mo bínú sí ọ̀gá wa. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́, ohun tí mò ń tún sọ lọ́kàn nìyẹn títí mo fi dé Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé.

Mo rojọ́ fún ìyá mi, mo rò pé á bá mi bínú. Ó kàn ní, "Má da ara rẹ láàmú. Ṣe òmíràn, màá dúró." Mo tú aṣọ egbò. Ìka kejì ti dúdú, ìkẹta ti ń tẹ̀lé e. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Màmá, bí mo bá tiẹ̀ parí rẹ̀ lọ́la, wọn ò ní jẹ́ kí n fi sẹ́sẹ̀ yín. Eku ló kàn."

"Eku," ló wí. "O sì jẹ́ kí n máa dúró láti ìgbà òjò."

Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé. Dókítà ní ká ní a tètè gbà ni, ọ̀kan péré ni wọn ì bá gé.

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń yan ìyá tó fọ ìkòkò lódì. Ní báyìí, mo ti ṣe òmíràn, eku mi ti sàn, mo ti gboyè. Ìyá mi ń tiro. Ká ní obìnrin yẹn ò fọ ìkòkò mi, mi ì bá ṣì máa wí pé ó kù díẹ̀, títí gbogbo ẹsẹ̀ náà á fi lọ. Èmi ni wọ́n ní kó wẹ egbò, èmi náà sì ni ẹ̀gún wà lọ́wọ́ rẹ̀.