Mo Ní Ìwé Mẹ́fà Ni Mo Kà

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì ní Agége. Àsìkò ètò ìdínkù ìnáwó tí wọ́n ń pè ní SAP ni, ìjọba sójà ò gba òṣìṣẹ́ tuntun sí Aláúsá mọ́, èmi sì ń rìn káàkiri Ìkẹjà pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Mọ́mì kì í ṣe ìyá mi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, kí wọ́n tó dá àwọn náà dúró. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n máa ń kó àwa tí kò níṣẹ́ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn nítòsí ojú irin, láti kọ́ wa bí a ṣe lè kúrò nídìí iṣẹ́ tí a kọ́, ká bọ́ sídìí èyí tó wà.

Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé-ẹ̀rí. "Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun láàárọ̀? Ìgbà wo lo rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn?" Nígbà tó kàn mí, omijé ló bọ́ lójú mi. Ojú tì mí, inú mi sì tún dùn, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ń wáṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè nípa èmi fúnra mi. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí mo fi gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà.

Ní Sátidé kẹta, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ó ti rọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ oníke kan ń gba èèyàn. Tí wọ́n bá bi ọ́, ìwé mẹ́fà lo kà."

"Mọ́mì, yunifásítì ni mo lọ o."

"Ta lo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Wọn ò fẹ́ ẹni tó mọ̀wé nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní irú wọn ló ń kó òṣìṣẹ́ jọ daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ bá àwọn bíríkìlà po sìmẹ́ńtì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọwọ́ yẹn le díẹ̀."

Mo po sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbà mí.

Iṣẹ́ wa ni ká máa fi ọ̀bẹ gé ike tó bá yọ kọjá létí korobá, nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọn kò kàwé rárá, ni wọ́n kọ́ mi. Wọ́n fi aṣọ wé àtàǹpàkò mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń ya búrẹ́dì wọn sí méjì, wọ́n á fún mi ní èyí tó tóbi.

"Jẹun, àbúrò. O gbẹ bí ìgbálẹ̀." Wọ́n á yíjú sí àwọn yòókù: "Ẹ wò ó bó ṣe ń mú ọ̀bẹ! Bíi pé ó fẹ́ kọ lẹ́tà sílé ìyàwó!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì yára fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di ọ̀bẹ mú. Ṣùgbọ́n mò ń sùn. Mo ti ń sanra díẹ̀. Kí n má purọ́, ara mi ti ń yá.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹnu géètì. Gẹ̀ẹ́sì ni. Fóòmàn ò túmọ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo díbọ́n pé bàtà mi ni mò ń wò, ojú mi sì ti kà á tán: ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa gé etí korobá ń bọ̀, ènìyàn méjìlá péré ni wọn yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó di Jímọ́ọ̀, àwọn yòókù yóò máa lọ sílé.

Mo yọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé béèrè ẹni tó sọ fún mi.

"Mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni, sà."

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Èmi ni ẹni kẹsàn-án.

Nígbà tí mo padà, Ẹ̀gbọ́n ti gbé ìdajì búrẹ́dì mi lé orí korobá. Mo jẹ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá lanu, wọ́n á mọ̀ pé mo mọ̀wé. Irọ́ ni. Mo lè sọ pé mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn, bí mo ṣe sọ fún akọ̀wé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí Ẹ̀gbọ́n bá gbọ́, gbogbo ẹ̀ka wa á gbọ́, àwọn ọ̀gá á wá ṣà wá yàn, wọ́n á sì fi èmi tí mo dé kẹ́yìn sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì ń jẹ búrẹ́dì náà lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n pe orúkọ. Ẹ̀gbọ́n dúró títí tí wọ́n fi pe orúkọ tán, tiwọn ò sí níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa bó o ṣe gbọ́. Ìwọ lo ṣì kéré."

Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo mú wọn lọ bá Mọ́mì ní ọjọ́ kejì. Mọ́mì bi wọ́n nípa oorun, oúnjẹ, ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nà án sí mi. "Àbúrò, fi ìwé mẹ́fà rẹ gbìyànjú."

Mo fẹ́ kọ ọ́ wúruwùru. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti di bírò mú kẹ́yìn, ó sì ń sáré lọ fúnra rẹ̀. Mo ti kọ ojú kan tán, mo ti yí i sí ẹ̀yìn, kí n tó gbójú sókè. Ọwọ́ mi ni Ẹ̀gbọ́n ń wò.

"Pátákó ẹnu géètì yẹn," ni wọ́n wí, "kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo sọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mọ́mì ń wo ojú irin. Ẹ̀gbọ́n gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi í sápò.

"Màá wá ẹlòmíì tó máa parí ẹ̀."

Wọn kò pè mí ní àbúrò.