Fọ́tò Kẹtàdínlógójì

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Ọ̀gbẹ́ni Olútóyè tẹ kámẹ́rà rẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlógójì lọ́jà Madina ní Accra. Kò rí ẹyọ kan yà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ ni Nafisa, ọmọ Àlàní onífọ́tò. Cow Lane, láàárín ìgboro Accra, ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún ya fọ́tò ìwé ìrìnnà fún àwọn Alata, bí àwọn ará Accra ṣe ń pe Yorùbá, tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, ohun méjì ló fi sílẹ̀: yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, àti kámẹ́rà àtijọ́ kan tí awọ ara rẹ̀ ti bó. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń gba inú lẹ́ǹsì rẹ̀ wòran. Fèrèsé kékeré kan wà lókè rẹ̀, lápá ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ojú ń gbà wo ayé, fíìmù sì ń gba inú lẹ́ǹsì wo tirẹ̀. Bí ìdérí bá wà lẹ́nu lẹ́ǹsì, fèrèsé kò ní sọ fún ọ. Wàá máa rí ọjà, wàá máa rí ènìyàn, wàá máa tẹ̀ ẹ́, fíìmù rẹ á sì jókòó sínú òkùnkùn.

Irú kámẹ́rà yìí ni Ẹgbẹ́ Olójú Fèrèsé ń lò. Òṣìṣẹ́ báǹkì, lọ́yà, pásítọ̀: àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Accra láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi ọjọ́ Sátidé rìn kiri ìgboro, tí wọ́n ń ya ẹni tó ń jẹ kẹ́ńkẹ́, ẹni tó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ èrò trotro, ẹni tó sùn sídìí ìsọ̀ rẹ̀. Ní ìparí oṣù wọ́n á pàdé nílé Olútóyè, alága wọn, ní Labone. Wọ́n á gbé fọ́tò kọ́ ara ògiri láìkọ orúkọ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà yin ipò dípò iṣẹ́. Òfin tó dára ni. Alága ló ṣe é, alága náà ló sì ń rú u: kí wọ́n tó dé, á ti pè wọ́n lórí fóònù sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni Nafisa ti ń fọ fíìmù wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí wọ́n gba òun sínú ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olútóyè rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kẹ̀? Ẹni tó ń fọ àwo kọ́ ni wọ́n pè síbi àsè."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Pásítọ̀ Tolúlọpẹ́ dá sí i. "Alága, ẹ jẹ́ kó gbé ẹyọ kan wá ní ìparí oṣù yìí. Bí a bá dìbò fún un, ó wọlé. Bí a kò bá dìbò fún un, kó má tún bi wá mọ́ láé."

Fọ́tò kan ṣoṣo, ìgbà kan ṣoṣo. Nafisa gbà.

Lọ́jọ́ Madina, Olútóyè ní kó wá bá òun gbé àpò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìdérí tuntun fún lẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni, dúdú lórí dúdú. Nídìí ìsọ̀ àkọ́kọ́ ni Nafisa ti rí i pé kò yọ ọ́.

"Mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ wo iwájú kámẹ́rà yín..."

"Ṣé mo ní kí o kọ́ mi ni?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Lẹ́ǹsì yín ni mo..."

"Àpò ni mo ní kó o gbé. N kò ní kó o gbé ẹnu."

Nafisa gbé àpò. Ó sì pa ẹnu mọ́ dáadáa, bí ẹni tó ní àádùn lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àkànkẹ́ aláta, tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ìyá náà wo kámẹ́rà, ó wo Nafisa.

"Ọmọ Àlàní, kí ló dé tí ọ̀gá ẹ fi nǹkan bo ojú ẹ̀?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ni."

Ẹ̀rín gbé Àkànkẹ́ débi pé ó di pátákó ata mú. Olútóyè rò pé inú ìyá náà dùn láti rí òun. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó di ojú kan. "Ẹ̀rín yẹn dáa! Ẹ má dákẹ́!"

Nafisa fa kámẹ́rà bàbá rẹ̀ yọ lábẹ́ ìborùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nírọ̀lẹ́, Olútóyè ju kámẹ́rà tirẹ̀ sí i kó yọ fíìmù rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yọ. Nafisa yọ ọ́. Ó yọ ìdérí náà pẹ̀lú, ó fi í sínú àpò kékeré tí ó yẹ kó ti wà láti àárọ̀.

Fíìmù náà mọ́ bíi gíláàsì nígbà tó fọ̀ ọ́ tán. Ó lè sọ fún un. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, nígbà tí Olútóyè gbàgbé fíìmù sínú ọkọ̀ nínú oòrùn títí ó fi bàjẹ́, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti ní Nafisa ló bà á jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí alága pè é lórí fóònù, ìdáhùn tó bá ìbéèrè mu ló fún un.

"Ṣé o ti fọ̀ ọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, Ọ̀gá."

"Ó dáa?"

"Kò sí àbààwọ́n kankan lára ẹ̀."

"Tẹ gbogbo ẹ̀. Kó tóbi."

Fíìmù tí kò rí ìmọ́lẹ̀, fọ́tò dúdú ló ń bí. Nafisa tẹ mẹ́rìndínlógójì, ó tóbi, ó dúdú, kò ku ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó kọ́ wọn sára ògiri bí ìṣe rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó fara ti igun. Ẹgbẹ́ wọlé. Pásítọ̀ ka fọ́tò dé mẹ́rìndínlógójì, ó rántí pé alága ti sọ fún un lórí fóònù pé mẹ́rìndínlógójì ni tòun, ó sì tètè gbéra.

"Háà! Ìjìnlẹ̀ rèé!"

"Pásítọ̀, èwo ni Madina níbẹ̀?" Bùkọ́lá lọ́yà ló bi í.

"Má fi ojú ara wò ó, arábìnrin mi."

Olútóyè wo Nafisa. Nafisa wo àjà. Ọkùnrin náà tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣé. Madina tí gbogbo yín mọ̀, òde ẹ̀ ni. Inú ẹ̀ ni mo yà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì méjì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bébà dúdú. Wọ́n ṣì ń pa á nígbà tí Bùkọ́lá dé òpin ògiri, níbi tí ọ̀kan tó kù wà. Ó lọgun.

"Alága! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú Madina náà nìyí?"

Alága wọn ni, ó lóṣòó, ó di ojú kan, ó gbé kámẹ́rà sójú, ìdérí jókòó sẹ́nu lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣinṣin. Níwájú rẹ̀, ìyá aláta la ẹnu ẹ̀rín, ó fi ìka tọ́ka sí ìdérí náà gan-an.

Bùkọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Nígbà tí wọ́n dìbò, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Pásítọ̀ ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló nà, bó ti mọ́ ọn lára.

Òfin ni kí alága kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sínú ìwé. Olútóyè ṣí i. Ó mú bírò. Ó kọ ọjọ́, ó kọ oṣù, ó kọ ọdún. Ó dúró. Nínú fóònù rẹ̀, "Afọfíìmù Cow Lane" ló pè é. Lára àpò fíìmù, "afọfíìmù". Ọdún mẹ́ta.

"Kí ni..." ó rẹ ohùn sílẹ̀, "kí ni orúkọ ẹ?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

"Nafisa Àlàní," ó wí, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán, láìsí àṣìṣe.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ẹnì kan wà tó ń fọ nǹkan rẹ, tó ń tún un ṣe, tó ń gbé e tẹ̀lé ọ. Má sọ pé ó ti pẹ́ tí ẹ mọra. Dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Sọ ọ́ sókè báyìí, kí o tó pa ìwé yìí dé.