Wọ́n Ní Kí N Yọ Dúrọ́ọ̀ Kúnlé Kúrò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló gba oorun lójú mi.

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé káfíńtà ni mí, ní Ogida, ní Benin níbí. Mo ti pẹ́ nílùú yìí débi pé bí mo bá fi Yorùbá kí àwọn ọmọ mi, Pidgin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kí la ó ti ṣe é?

Ìyá Wálé ló gbé iṣẹ́ náà wá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ní dúrọ́ọ̀, àwọn àpótí tí a máa ń fà jáde yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Aṣọ ìkómọ rẹ̀, káàdì ìrìbọmi rẹ̀, fọ́tò iléèwé rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí òun bá lọ, kí kálukú fa tirẹ̀ jáde, kó má sí ìjà.

Ó wù mí kí n bi í pé mélòó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òun náà ò kà wọ́n. Ó ń dárúkọ, èmi ń fi pẹ́ńsù fa ilà sára pákó: Wálé, Títí, Kúnlé, Bísí. Ó ní ti Kúnlé ni kí n ṣe kó jìn jù lọ, torí ọmọ tí kì í ju nǹkan nù ni. Ó ní Abuja ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ yòókù ní ó lọ fún kọ́ọ̀sì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é, Bàbá Ṣẹ́gun. Obìnrin inú fóònù yẹn nìkan ló ń dá mi lóhùn. Àṣé òun ni mo bí!"

A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo ti gé pákó, mo ti ń ha á kó dán, nígbà tí Wálé, àkọ́bí rẹ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti Ikpoba Hill. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ dúrọ́ọ̀ kan kúrò." Mo ní èwo? Ó ní ti Kúnlé. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Kúnlé ti kú! Àìsàn ni. Wọ́n ti sin ín sí Abuja. Wọn ò sọ fún ìyá wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, àti pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wálé ní àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì yóò bá a sọ ọ́ tó bá yá. Mo bi í pé ìgbà wo ni "tó bá yá"? Ó ní àwọn ṣì ń wá ọ̀nà. Òun kàn ò fẹ́ kí màmá òun máa to ẹrù òkú sínú dúrọ́ọ̀, kó máa fọwọ́ pa á láràárọ̀. Kí n ní pákó ò tó, kí n fi ilẹ̀kùn kékeré síbẹ̀ fún kọ́ọ̀pù.

Mo gbà. Ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ kí ìyá òun má bàa ṣubú lulẹ̀, kí n ní rárá?

Nígbà tí a gbé e délé rẹ̀, Ìyá Wálé fọwọ́ ra igi náà, ó yìn mí títí. Ó fa dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́, ó ní, "Wálé." Ó fa èkejì, ó ní, "Títí." Ó fa ẹ̀kẹta, ó rí i pé kò jìn. Ó wo ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn ló rí.

"Ti Bísí lèyí. Ti Kúnlé dà?"

Mo ní pákó ni kò tó.

"Pákó ò tó? Ní Benin? Ìlú tí sọ́míìlì pọ̀ ju ilé búrẹ́dì lọ! Bàbá Ṣẹ́gun, irọ́ yìí ò dára lẹ́nu àgbà."

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó fi parí ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló ní kí ẹ yọ ọmọ mi kúrò?"

Mo wolẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe Kúnlé, ó jẹ́ kí obìnrin inú fóònù yẹn sọ̀rọ̀ tán. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ lọ ṣe tirẹ̀ wá." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ṣe é, ẹ̀yin ará. Igi ọ̀gànwó gidi ni mo lò, ó sì jìn bó ṣe fẹ́. Nígbà tí mo gbé e dé ilé wọn, Bísí, àbíkẹ́yìn, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Baba, Mama no wan see anybody. Even pastor." Mo tún padà lọ, bákan náà ni. Wálé ní màmá àwọn kì í gbé ìpè àwọn mọ́, pé ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà ní pálọ̀, ó ṣófo. Mi ò rò pé yóò kó nǹkan kan sí i láéláé.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àwọn àgbà àtijọ́ máa ń lọ jókòó ti ìyá, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n tó la ọ̀rọ̀. Àwa ń wá ọ̀nà títí, pákó fi sọ ọ́ ṣáájú wa. Àṣà ní kí òbí má rí sàréè ọmọ. Kò ní kí ìyá jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ ikú ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti rán ní irú iṣẹ́ yìí rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè máa wá a lónìí.